Ìtọpinpin Orírun Stephen Hopkins: Ìwádìí Ìran Olùtẹ̀dó Kan ní Amẹ́ríkà àti Ìwúlò Rẹ̀ fún Olùkọ́ Ìtàn Ìdílé

Ìfáàrà

Lára iṣẹ́ tí a máa ń yàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹ̀kọ́ àṣà ni pé kí wọ́n lọ ṣe ìwádìí ìtàn ìdílé wọn. Nígbà tí iṣẹ́ náà bá padà dé ọwọ́ olùkọ́, ó máa ń ṣòro láti rí ẹyọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ lásán. Ọmọ ọba ni ti àkọ́kọ́, ọmọ balógun ni ti èkejì, ẹ̀kẹta sì ti Ilé-Ifẹ̀ wá tààrà láìdúró níbì kankan lọ́nà. A kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ohun tí ó jẹ wá lógún ni pé olùkọ́ fúnra rẹ̀ kì í sábà ní òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Máàkì ni yóò fún un, ìtàn náà yóò sì di òtítọ́.

Nínú pépà yìí, a fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nílé díẹ̀ kí a lè rí i kedere. A ó yẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ìran Stephen Hopkins wò, ọ̀kan nínú àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ̀dó sí Plymouth ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1620. A yàn án nítorí pé ìtàn kan wà nípa orírun rẹ̀ tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé, tí wọ́n sì fi kọ́ ọmọ wọn, kí àkọsílẹ̀ mélòó kan láti abúlé kékeré kan tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nídìí iṣẹ́ yìí ni pé: kí ni a lè pè ní ẹ̀rí nínú ìtàn ìran?

Ta ni Stephen Hopkins?

Ọkọ̀ ojú omi tí à ń pè ní Mayflower gúnlẹ̀ sí Cape Cod ní oṣù kọkànlá ọdún 1620 pẹ̀lú èrò tí ó tó 102. Ibi tí wọ́n wá tẹ̀dó sí lẹ́yìn náà kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olówó. Patuxet ni àwọn onílẹ̀ ń pè é, àjàkálẹ̀ àrùn ni ó sì ti pa àwọn ará ibẹ̀ run ní ọdún díẹ̀ ṣáájú. Hopkins wà lára àwọn ọkùnrin 41 tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí wọ́n fi dá ìjọba ara wọn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Ilé rẹ̀ ni Samoset, ọmọ ilẹ̀ náà tí ó kọ́kọ́ wá kí wọn, sùn mọ́jú ní oṣù kẹta ọdún 1621. Òun àti Edward Winslow ni wọ́n sì rán lọ bẹ Massasoit, olórí àwọn Pokanoket, wò ní ọdún kan náà.

Ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa agbo ilé rẹ̀ wá láti ọwọ́ William Bradford, gómìnà ibùdó náà, ẹni tí ó jókòó ní nǹkan bí ọdún 1651 tí ó kọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ sílẹ̀. Ìwé tí Bradford kọ yìí fúnra rẹ̀ ti sọnù rí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti padà rí i, nínú ilé ìkàwé Bíṣọ́ọ̀bù ìlú London ní Fulham. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1856, wọ́n sì dá a padà sí Massachusetts ní ọdún 1897. Bradford sọ pé Hopkins mú Elizabeth ìyàwó rẹ̀ dání, pẹ̀lú ọmọ méjì tí ìyàwó àárọ̀ bí fún un, Giles àti Constance. Ọmọ kan tí Elizabeth bí, Damaris. Ọmọ kan tí ó bí lójú òkun. Àti ìránṣẹ́ méjì. Oceanus ni wọ́n sọ ọmọ orí omi náà. Yorùbá kò nílò àlàyé lórí èyí: Abíọ́nà ni a ò bá pè é.

Kí olùkàwé kíyè sí ohun tí Bradford kò sọ. Kò sọ orúkọ ìyàwó àárọ̀. Kò sọ ìlú tí Hopkins ti wá. Àlàfo méjì yìí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn tí ó dùn ún gbọ́

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ó wà nínú àwọn ìwé ìran ni pé Wotton-under-Edge ní agbègbè Gloucestershire ni Hopkins ti wá, àti pé ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ń jẹ́ Constance Dudley. Ẹ wo bí ìtàn náà ṣe gún régé tó. Hopkins wà ní Wotton lóòótọ́, nítorí náà orúkọ bára mu. Constance ni ọmọbìnrin rẹ̀ ń jẹ́, èyí mú kí ó dà bí ẹni pé ìyá ni ó fún ọmọ ní orúkọ ara rẹ̀. Ní ti Dudley, orúkọ àwọn ọlọ́lá ni. Robert Dudley, ààyò Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, ń jẹ́ ẹ. Thomas Dudley tí ó jẹ gómìnà Massachusetts náà ń jẹ́ ẹ. Ta ni kò fẹ́ kí ìyá ńlá òun wá láti irú ilé bẹ́ẹ̀?

Àmọ́ kò sí àkọsílẹ̀ kan tí ó so Hopkins ti Wotton pọ̀ mọ́ Hopkins ti inú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé ìgbéyàwó kan tí ó so ó pọ̀ mọ́ Constance Dudley. Ìbára-mu orúkọ nìkan ni, ìbára-mu orúkọ kò sì tó ẹ̀rí. Stephen jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí Òjó àti Àìná ṣe wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó ní òun ti rí Òjó kan ní Ìkìrun kò tíì rí Òjó tí à ń wá.

Ìwé ìsàmì Hursley

Ní ọdún 1998, Caleb Johnson, olùwádìí kan tí ó gbájú mọ́ ìtàn àwọn èrò Mayflower, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí ń jẹ́ The American Genealogist. Inú ìwé ìsàmì ṣọ́ọ̀ṣì Hursley, abúlé kan ní Hampshire tí kò jìnnà sí Winchester, ni ẹ̀rí rẹ̀ ti wá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣàmì fún Elizabeth ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1604, fún Constance ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1606, àti fún Giles ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1608. Ọmọ Stephen Hopkins ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ìwé kan náà, wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n sin Mary, ìyàwó Stephen, ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1613. Ìwé ilé ẹjọ́ tí ó jẹ mọ́ dúkìá tí Mary fi sílẹ̀ náà wà, ó sì dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀: Elizabeth, Constance, Giles.

Kí ló dé tí èyí fi jẹ́ ẹ̀rí, tí ti Wotton kò sì jẹ́ ẹ̀rí? Kì í ṣe orúkọ Stephen ni ó gbé e dúró. Constance àti Giles kì í ṣe orúkọ tí ó wọ́pọ̀ bí Mary àti John. Kí àwọn méjèèjì tẹ̀léra nínú ilé Stephen Hopkins kan ṣoṣo, kí ọjọ́ orí wọn sì bá ti àwọn ọmọ inú ọkọ̀ mu, kí ìyá wọn sì kú kí bàbá wọn tó fẹ́ ìyàwó mìíràn, èyí ti kọjá kòńgẹ́. Ìgbéyàwó kejì náà sì bọ́ sí àsìkò: ní oṣù kejì ọdún 1618 ni Stephen Hopkins àti Elizabeth Fisher ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì St Mary Matfelon ní Whitechapel, London. Ká padà sórí àpẹẹrẹ wa: bí a bá rí Òjó kan tí ó bí Fágbèmí àti Odùńjọ tẹ̀léra, tí ìyá wọn kú ní ọdún tí a ń retí, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun nìyí.

Ohun mìíràn tún wà tí a fẹ́ kí olùkọ́-ní-kíkọ́ fi sọ́kàn. Àlùfáà tí ó kọ orúkọ ọmọ mẹ́ta yìí sílẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni yóò máa fi í wá ìran. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ní ọdún 1538, nígbà ayé Ọba Henry Kẹjọ, Thomas Cromwell pàṣẹ pé kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí wọn yóò máa kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí. Ní ọdún 1598 wọ́n tún pàṣẹ pé kí wọ́n dà á kọ sórí ìwé awọ kí ó má baà bàjẹ́. Ẹ̀rí tí a kò pilẹ̀ ṣe láti fi gbé ẹnikẹ́ni ga ni ó máa ń lágbára jù lọ. Ìwé ìran tí ọmọ kọ nípa baba rẹ̀ lẹ́yìn igba ọdún kò lè bá a dọ́gba, bí ó ti wù kí èdè rẹ̀ jinlẹ̀ tó.

Bí a bá wò ó dáadáa, Mary ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Obìnrin yìí bí ọmọ mẹ́ta, ó kú nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, ẹlòmíràn ni ó sì bá a tọ́ wọn dàgbà. Constance rẹ̀ fẹ́ Nicholas Snow ní Plymouth, Bradford sì kọ ọ́ pé ó bí ọmọ 12, tí gbogbo wọn wà láàyè ní àsìkò tí ó ń kọ̀wé. Giles fẹ́ Catherine Whelden ní ọdún 1639. Gbogbo ìran tí ó ti ara àwọn méjèèjì jáde, ìran Mary ni. Síbẹ̀ Constance Dudley ni wọ́n ń kọ sórí àga rẹ̀. Àṣìṣe nínú ìtàn ìran kì í ṣe àṣìṣe orí ìwé lásán. Ó lè lé òkú kúrò nílé rẹ̀.

Láti Hursley dé Upper Clatford, àti ọ̀rọ̀ Bermuda

Ìwádìí náà kò dúró sí Hursley. A ti wá mọ̀ báyìí pé Upper Clatford, ní Hampshire kan náà, ni wọ́n ti ṣàmì fún Stephen Hopkins ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1581. John Hopkins ni bàbá rẹ̀, Elizabeth Williams ni ìyá rẹ̀. Bàbá kó lọ sí Winchester lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni ó sì kú sí nígbà tí ọmọ kò tíì ju ọ̀dọ́langba lọ. Àwọn olùwádìí kan ń tọ́ka sí ìdílé Kent ní Hursley gẹ́gẹ́ bí ilé tí Mary ti wá. Ọ̀rọ̀ ó-jọ-bẹ́ẹ̀ ni ìyẹn ṣì jẹ́, ó sì yẹ kí ẹni tí ó bá ń kọ ọ́ sọ pé ó-jọ-bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀ka kan tún wà tí ó lárinrin. Ní ọdún 1609, ọkọ̀ Sea Venture tí ó ń kó ènìyàn lọ sí Jamestown ní Virginia fọ́ sí erékùṣù Bermuda. William Strachey tí ó wà nínú ọkọ̀ náà kọ ìtàn rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1625. Ó sọ pé akọ̀wé àlùfáà kan tí ń jẹ́ Stephen Hopkins, ẹni tí ó mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa, ń sọ fún àwọn èrò pé àṣẹ gómìnà ti parí ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ti fọ́. Wọ́n mú un, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un. Ó sunkún, ó mẹ́nu ba ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì dárí jì í. Àwọn èrò náà kan ọkọ̀ tuntun méjì, wọ́n sì gbé e dé Jamestown ní oṣù karùn-ún ọdún 1610. (Ọ̀pọ̀ onímọ̀ lítíréṣọ̀ gbà pé ìròyìn ìjì yìí wà lára ohun tí Shakespeare lò fún eré The Tempest.)

Ṣé Hopkins kan náà ni? Ẹ̀rí ibí yìí yàtọ̀ sí ti ìwé ìsàmì. Nínú ìròyìn tí àwọn ará Plymouth tẹ̀ jáde ní ọdún 1622, wọ́n sọ pé nígbà tí wọ́n ń rìn nínú igbó ní oṣù kọkànlá ọdún 1620, wọ́n rí igi kan tí a tẹ̀ tí okùn wà lára rẹ̀. Hopkins ni ó sọ fún wọn pé ìdẹkùn àgbọ̀nrín ni. Bradford tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀, okùn náà sì fà á lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìdẹkùn àwọn onílẹ̀ ti gbé ilẹ̀ náà rí. Bí a bá fi èyí kún Mary tí ó ń dá ilé gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ ní Hursley, ọ̀rọ̀ náà dúró. Lójú tèmi, àkọsílẹ̀ ìdẹkùn yìí dùn ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé ìmọ̀ ni ó fi ọkùnrin náà hàn.

Ohun tí ó lè ṣi olùwádìí lọ́nà

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé ẹni tí ó bá ti rí ìwé ìsàmì ti bọ́. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ti Hursley: Egidius ni wọ́n ń kọ fún Giles. Ẹni tí ó bá ń wá lẹ́tà G yóò wá a títí. Ọ̀rọ̀ ọdún náà tún wà. Ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ìgbà tí wọ́n yí kàlẹ́ńdà padà ní ọdún 1752, nítorí náà oṣù kìíní tí wọ́n ṣàmì fún Giles, 1607 ni wọ́n ń ka ọdún rẹ̀ sí lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ ìsàmì sì yàtọ̀ sí ọjọ́ ìbí. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà ni ó ní ìwé. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1619, ọkọ̀ White Lion kó àwọn ọmọ Áfíríkà bí ogún àti díẹ̀ dé Point Comfort ní Virginia, ọdún kan ṣáájú Mayflower. Ọ̀nà Àǹgólà ni wọ́n ti kó wọn. Nínú ìkànìyàn ọdún 1625, obìnrin kan wà ní Jamestown tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Angela, nínú agbo ilé William Peirce. Orúkọ kan, ọkọ̀ tí ó gbé e wá, ilé tí ó wà. Kò sí orúkọ bàbá, kò sí ìlú. Hopkins jẹ́ akọ̀wé lásán tí ìgbà kan kù díẹ̀ kí wọ́n yẹgi fún, síbẹ̀ a mọ ọjọ́ ìsàmì rẹ̀. Ìyàtọ̀ láàrin àwọn méjèèjì kì í ṣe ti ìran. Ti ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ìwúlò fún kíláàsì

Àwa náà ní irú ìwé yìí. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí àwọn oníwàásù C.M.S. ti dé Badagry àti Abẹ́òkúta ni àṣà ìwé ìsàmì ti wọ ilẹ̀ Yorùbá, láti inú Ìjọ Àǹglíkà kan náà tí ó ní ìwé Hursley. Olùkọ́ lè mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan, kí ó tọrọ àyè láti wo ìwé náà. Ṣùgbọ́n orúkọ inú rẹ̀ ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàmì fún Àjàyí ará Òṣogùn ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, orúkọ àlùfáà kan ní London ni wọ́n fún un, ó sì di Samuel Crowther. Ẹni tí ó bá fi Crowther wá ìran Àjàyí dé London, ibi tí kò sọnù sí ni ó ń wá a.

Oríkì orílẹ̀ náà jẹ́ ẹ̀rí, àmọ́ ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń jẹ́rìí sí. Bí wọ́n bá ki ọmọ ní Olúfẹ̀ tàbí Òpómúléró, orílẹ̀ tí ó bá wá ni a gbọ́. Bí a ṣe ti ara baba dé ara baba ńlá kò sí níbẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí olùkọ́ má ṣe gba ìtàn ìdílé láti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ẹ̀gbọ́n bàbá, kí ó tún bi ìyàwó ilé tí ó ti pẹ́ níbẹ̀, nítorí àwọn obìnrin ilé ni wọ́n máa ń mọ oríkì ilé ọkọ wọn délẹ̀. Kí ó wá ojú oórì, ìwé ilẹ̀, ìwé ìsàmì tàbí ìwé ilé ìwé. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ síra, kí ó kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀ bí ó ṣe rí, kí olùkọ́ sì fún un ní máàkì lórí ìyàtọ̀ yẹn gan-an.

Damaris méjì, Elizabeth mẹ́rin

Ìṣòro kan ṣẹ́kù tí a fẹ́ fi sílẹ̀ fún kíláàsì láti yanjú, nítorí pé ìṣirò lásán ni ó gbà. Damaris kan wà nínú ọkọ̀ ní ọdún 1620. Damaris Hopkins kan sì fẹ́ Jacob Cooke ní Plymouth lẹ́yìn ọdún 1646, ó sì ń bímọ títí di àárín àwọn ọdún 1660. Ọmọ tí wọ́n bí kí ọkọ̀ tó ṣí ní ọdún 1620 yóò ti tó nǹkan bí ọdún 47 nígbà yẹn. Ohun tí àwọn olùwádìí gbà ni pé Damaris ti inú ọkọ̀ kú ní kékeré, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí sí Plymouth. Àṣà tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ni. Àwa kì í sábà fi orúkọ ọmọ tí ó kú sọ àbúrò rẹ̀. Òbí tàbí òbí àgbà tí ó lọ ni a máa ń retí pé yóò padà wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Elizabeth. Ìyá Hopkins ń jẹ́ ẹ, ìyàwó rẹ̀ kejì ń jẹ́ ẹ, àkọ́bí rẹ̀ tí wọ́n ṣàmì fún ní Hursley ní ọdún 1604 ń jẹ́ ẹ. Àkọ́bí yìí wà nínú ìwé dúkìá ìyá rẹ̀ ní ọdún 1613. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí ní ọdún 1620, kò sí níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1644, Hopkins ṣe ìwé ìhágún rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó òun. Ó dárúkọ Giles, ó dárúkọ Constance, ó dárúkọ Caleb. Lẹ́yìn náà ni ó ka àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọ́n ṣì wà nílé: Deborah, Damaris, Ruth, Elizabeth.